Ẹnu Arúgbó Ni Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀dọ̀fóró

Bí mo bá ní kẹ́ ẹ dárúkọ ohun tó lè gba arúgbó lọ́wọ́ òtútù àyà, mo mọ̀ pé ẹ ò ní pẹ́ dáhùn: abẹ́rẹ́ àjẹsára, súwẹ́tà, omi gbígbóná, àgbo. Mélòó nínú wa ló máa dárúkọ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín?

Ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ló gbé mi wá lónìí. Ní 1999, dókítà eyín kan ní Japan tó ń jẹ́ Takeyoshi Yoneyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ní 2002, wọ́n tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní kíkún. Ilé ìtọ́jú arúgbó 11 ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n pín àwọn arúgbó ibẹ̀ sí ìsọ̀rí méjì. Ní ìsọ̀rí kìíní, nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín wọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, dókítà eyín tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ á sì wá wo ẹnu wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìsọ̀rí kejì ń bá a lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá lè fọ ẹnu ara rẹ̀ á fọ̀ ọ́, ẹni tí kò bá lè fọ̀ ọ́, ó di ọwọ́ ẹni tó bá ráyè.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣọ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn 182 tí kò rí ìtọ́jú pàtàkì yẹn gbà, òtútù àyà mú 34. Nínú àwọn 184 tí wọ́n ń fọ ẹnu wọn, ó mú 21. Àwọn tí òtútù àyà wá pa ńkọ́? 30 ní ìsọ̀rí tí wọn ò fọ ẹnu wọn, 14 ní ìsọ̀rí tí wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ tún un kà. Ohun tí wọ́n fi ṣe é kò ju búrọ́ọ̀ṣì, omi, oògùn apakòkòrò díẹ̀ fún àwọn kan, àti ẹni tó máa jókòó ti arúgbó fún ìṣẹ́jú 5.

Ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kọ́ ní yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó kí n lè rí owó ilé san. Bakitéríà tí mò ń wò lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà ni mò ń bá jà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Báwo ni ìdọ̀tí eyín ṣe ń dé inú àyà?

Irú bakitéríà tó lé ní 700 ni àwọn onímọ̀ ti rí ní ẹnu ọmọ aráyé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ahọ́n kan eyín yín láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó fọ ẹnu, ẹ máa rí i pé nǹkan kan ń yọ̀ lára rẹ̀. Ìlú làwọn bakitéríà tẹ̀ dó síbẹ̀ yẹn. Wọ́n so mọ́ ara wọn, wọ́n sì fi nǹkan kan tó ń yọ̀ bí omi ilá bo ara wọn. Ẹni tó bá kàn fi omi ìfọnu ṣan ẹnu, òrùlé ìlú náà ló ń rọ òjò lé lórí. Àwọn tó wà nínú ilé ò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń tú ìlú náà ká ni kí nǹkan ha á kúrò. Pákò ṣe iṣẹ́ yẹn fún àwọn bàbá ńlá wa, búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe é fún wa.

Tí ọjọ́ bá gorí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ha á, ìlú náà á nípọn sí i, àwọn àlejò tí kò dáa á sì wọlé. Ní ẹnu àwọn arúgbó tí ara wọn ò le, àwọn olùwádìí máa ń rí Staphylococcus aureus, Klebsiella àti Pseudomonas lára ìdọ̀tí eyín. Àwọn wọ̀nyí gan-an sì wà lára àwọn tó ń fa òtútù àyà tó le. Ní 2004, Ali El-Solh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Buffalo, Amẹ́ríkà, gba bakitéríà lára eyín àwọn arúgbó tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn láti ilé ìtọ́jú. Nígbà tí òtútù àyà mú àwọn kan nínú wọn, wọ́n tún gba bakitéríà láti inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, wọ́n wá fi DNA méjèèjì wéra. Ní ara púpọ̀ nínú wọn, ọ̀kan náà ni. Ohun tó wà ní eyín ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àyà.

Báwo ló ṣe sọ̀ kalẹ̀? Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí jọ pàdé ní ọ̀fun ni. Àwa tí ara wa le pàápàá, itọ́ díẹ̀ máa ń yọ́ gba ọ̀nà èémí wa bí a bá ń sùn. Ikọ́ ló ń gbà wá, àwọn ọmọ ogun inú ara á sì parí ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti ṣe, tàbí tí Parkinson tàbí dementia, àrùn tó ń ba iyè jẹ́, ń bá jà, ọ̀fun rẹ̀ kì í tètè pa ilẹ̀kùn dé mọ́. Nǹkan á ta á lórí, kò ní húkọ́. Ẹ máa rí i tó ń jẹun jẹ́jẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan ti gba ọ̀nà òdì.

Itọ́ náà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Itọ́ ni agbálẹ̀ ẹnu: ó ń ṣan oúnjẹ dànù, ó ń pa àwọn bakitéríà kan, ó sì ń dáàbò bo eyín lọ́wọ́ kíkẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn tí àwọn arúgbó ń lò, irú bí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti oògùn àwọn tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, máa ń mú kí ẹnu gbẹ. Arúgbó tó ń lo oògùn márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹnu rẹ̀ lè gbẹ bí oko ọyẹ́. Agbálẹ̀ ti lọ, ìdọ̀tí wá jọba.

Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mi ò rò pé bakitéríà ló wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń pa òwe yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ bí hẹ̀rẹ̀huru yẹn ṣe ń dún.

Ní 1998, Susan Langmore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tọpa arúgbó 189 kí wọ́n lè mọ ẹni tí irú òtútù àyà yìí máa ń mú jù. Gbogbo èèyàn rò pé àwọn tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa ló máa ṣíwájú. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Lára ohun tó lágbára jù lọ ni pé ẹlòmíì ló ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ẹlòmíì ló ń fọ ẹnu wọn, eyín wọn tó ti kẹ̀ sì pọ̀. Ẹ kíyè sí àárín: ẹlòmíì ló ń fọ ẹnu wọn. Ìyẹn ni pé bí ẹlòmíì yẹn bá ṣe é dáadáa tàbí bí kò bá ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí ló dé tó fi le báyìí?

Láyé àtijọ́, ẹnu arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣòroó tọ́jú. Ní 1978, nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà England ni kò ní eyín kankan lẹ́nu. Olùtọ́jú á kàn yọ eyín àtọwọ́dá wọn, á fọ̀ ọ́, á kó o sínú ife omi, ó parí. Nígbà tó fi máa di 2009, ìdá yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ sí 6. Fluoride inú ọṣẹ ìfọyín àti ìtọ́jú tó sunwọ̀n sí i wà lára ohun tó fà á. Japan náà ti ń polongo láti 1989 pé kí ẹni tó bá pé 80 ọdún ṣì ní eyín 20 lẹ́nu. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé àwọn tó ń wọ ilé ìtọ́jú báyìí ń kó eyín tiwọn wọlé, pẹ̀lú eyín tí wọ́n dí, eyín tí wọ́n dé ní adé, àti èyí tí wọ́n fi irin gbìn sínú egungun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́.

Ṣé àwọn ilé ìtọ́jú náà ti bá ìyípadà yẹn rìn? Ní 2019, CQC, àjọ tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò ní England, gbé ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n dé ilé 100. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní ìlànà kankan lórí ìtọ́jú ẹnu. Ìdá 47 kì í kọ́ òṣìṣẹ́ wọn ní nǹkan kan nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti 2016 ni NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìṣègùn níbẹ̀, ti ní kí wọ́n yẹ ẹnu arúgbó wò lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí wọ́n kọ ohun tó nílò sílẹ̀, kí wọ́n máa fọ eyín rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí wọ́n sì máa yọ eyín àtọwọ́dá lálẹ́. Nígbà tí CQC padà lọ wò ó ní 2022, nǹkan ti sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti oṣù Kejì 2022 tí ìjọba Britain ti ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun, títí di oṣù Keje 2025 tí wọ́n tì í pa fún àwọn tuntun, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé ìtọ́jú kan ní Manchester tàbí Leeds, kò ní pẹ́ tí ẹ máa gbọ́ “ẹ kúuṣẹ́ o.” Ọ̀pọ̀ ẹnu arúgbó Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí èmi bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gbé èèyàn láì dá ẹ̀yìn ara wa, bí a ṣe ń fọ ọwọ́, àti ohun tá a máa ṣe bí iná bá sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ju ìlà kan lọ.

“Wọ́n kọ̀”

Bẹ́ ẹ bá bi àwọn olùtọ́jú ìdí tí wọn ò fi fọ ẹnu ẹnì kan, ohun méjì lẹ máa gbọ́: kò sáyè, àti pé wọ́n kọ̀. Ti àyè jẹ́ òótọ́. Olùtọ́jú kan lè ní arúgbó mẹ́jọ tí ó máa wọ aṣọ fún kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀. Ṣùgbọ́n ti “wọ́n kọ̀” ni mo fẹ́ ká tú wò.

Bàbá kan wà ní ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ nípa wọn. Ẹni tó bá gbé búrọ́ọ̀ṣì súnmọ́ wọn, wọ́n á di ẹnu pa. Nígbà míì wọ́n á gbá a dànù. Ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn lójoojúmọ́ ni “Wọ́n kọ̀.” Nọ́ọ̀sì kan tó wá dúró fún ẹlòmíì fún ọjọ́ díẹ̀ ló ní kí bàbá ya ẹnu kí òun kàn wò ó, òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Eyín kan ti ṣẹ́ ní ẹ̀yìn, etí rẹ̀ mú bí abẹ, ó sì ti gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n wọn di egbò. Dókítà eyín wá dán etí eyín náà, egbò jinná, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí dementia ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kíkọ̀ lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún un láti sọ pé ó ń dun òun.

Bí kò bá tilẹ̀ sí ìrora, ẹ fi ara yín sí ipò wọn. Ẹ ò rántí ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹnì kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ dúró lé yín lórí, ó fẹ́ ki nǹkan bọ̀ yín lẹ́nu. Kí lẹ máa ṣe? Rita Jablonski, nọ́ọ̀sì àti olùwádìí ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí èyí. Àlàyé rẹ̀ ni pé ọpọlọ tí dementia ti bà jẹ́ kò lè tètè mọ̀ pé ìtọ́jú ni wọ́n fẹ́ ṣe fún òun. Ewu ló ń rí. Nítorí náà, iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti mú ohun tó dà bí ewu kúrò. Ó kó àwọn ọgbọ́n kan jọ, mo sì ti rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́:

Ẹ wá láti iwájú, ẹ rẹ̀rín músẹ́, kí ojú yín wà ní ìpele ojú wọn tàbí kó rẹlẹ̀ sí i. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ilé ti ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá tó kúnlẹ̀ kí àgbà ti ṣe ohun tí ìwádìí ní kó ṣe kó tó mọ̀.

Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn arúgbó mọ̀ ọ́n, inú sì máa ń bí wọn.

Ẹ fún wọn ní búrọ́ọ̀ṣì kan mú lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń fi òmíràn fọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó di búrọ́ọ̀ṣì mú rántí ohun tí ọpọlọ ti gbàgbé.

Ẹ gbé ọwọ́ yín lé ọwọ́ wọn kí ẹ jọ fọ̀ ọ́. Tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo ara wọn nínú dígí, tàbí kí ẹ fi orin tí wọ́n fẹ́ràn gba ọkàn wọn.

Bí ó bá ń le, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹlòmíì wá gbìyànjú, tàbí kí ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi agbára la ẹnu ẹnikẹ́ni o. Bí wọ́n bá sì ń kọ̀ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe dókítà eyín.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún wọn. Ẹ gbé wọn jókòó dáadáa, kí àgbọ̀n wọn wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tàbí tó gbé orí sókè, ńṣe lẹ ṣílẹ̀kùn ọ̀nà èémí rẹ̀ fún omi ìdọ̀tí.

Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, tí orí rẹ̀ kéré, ló dáa. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, kó má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Fún ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ fi ra orí búrọ́ọ̀ṣì lásán, kó sì jẹ́ irú èyí tí kì í hó. Ẹ fọ ibi tí eyín ti pàdé erìgì, torí ibẹ̀ ni ìlú àwọn bakitéríà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá yọ, ẹ má torí ẹ̀ dá a dúró pátápátá. Erìgì tó wú ló sábà máa ń ṣẹ̀jẹ̀, fífọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́ ló sì ń wò ó sàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń pọ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tutọ́ dànù. Wọn ò nílò láti fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu, kí fluoride lè dúró ṣiṣẹ́. Ẹ má ki ìka yín bọ àárín eyín o, wọ́n lè pa ẹnu dé láìmọ̀.

Ẹni tí kò ní eyín kankan ńkọ́? Erìgì àti ahọ́n rẹ̀ ṣì ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn igi pélébé tó ní fóòmù lórí, tí wọ́n fi ń nu ẹnu. Kì í lè ha ìdọ̀tí kúrò lára eyín, fóòmù náà sì lè já sínú ọ̀fun. Ní 2012, àjọ tó ń bójú tó ohun èlò ìṣègùn ní Britain kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Eyín àtọwọ́dá: ẹ yọ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lórí abọ́ omi, kó má bàa fọ́ bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọyín, ó máa ń ha á lára. Ní alẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í sùn. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan ní Japan tó fi ọdún mẹ́ta tọpa arúgbó 524, tí gbogbo wọn ti pé 85 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Tokyo, rí i pé òtútù àyà mú àwọn tó ń fi eyín àtọwọ́dá sùn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tó ń yọ ọ́.

Ṣé gbogbo ìwádìí ló fẹnu kò?

Rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé a kì í fi ìdajì òótọ́ pamọ́ níbí.

Ní 2015, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde ní Connecticut, Amẹ́ríkà: ilé ìtọ́jú 36, arúgbó 834. Wọ́n ń fọ eyín àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n ń fi oògùn chlorhexidine kún un, wọ́n sì ń gbé wọn jókòó dáadáa bí wọ́n bá ń jẹun. Òtútù àyà kò dín kù rárá. Wọ́n tiẹ̀ dá ìwádìí náà dúró kó tó parí, nítorí ó ti hàn pé kò ní sí ìyàtọ̀.

Ní 2020, Sheryl Zimmerman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina gbé tiwọn jáde: ilé 14, arúgbó 2,152. Wọ́n kọ́ àwọn olùtọ́jú ní ọgbọ́n fífọ ẹnu láìsí ìjà, irú èyí tí mo tò sókè yẹn. Bí wọ́n ṣe ka ọdún méjì pọ̀, ìyàtọ̀ tó wà kò tó ohun téèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ọdún kìíní nìkan wò, òtútù àyà fi nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ní ọdún kejì, èrè yẹn pòórá.

Kí la máa rí dì mú níbẹ̀? Mo mọ̀ pé yíya ọdún kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ìwádìí ti parí kì í ṣe ẹ̀rí tó lágbára. Òtútù àyà pàápàá ní ìdí púpọ̀: fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ara tó ti rẹ̀ wà níbẹ̀, oúnjẹ tó gba ọ̀nà òdì wà níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ò lè dí gbogbo ihò. Ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n wéra. Ní Japan, lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, dókítà eyín sì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní North Carolina, ó jọ pé nǹkan lọ dáadáa nígbà tí ẹ̀kọ́ ṣì tutù lọ́kàn àwọn olùtọ́jú. Èmi ò rò pé iyèméjì wà pé ìdọ̀tí ẹnu ń ṣe àyà níbi. Ohun tí a ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni bí a ṣe máa fọ ẹnu arúgbó lónìí, lọ́la, àti ní ọdún méjì sí i, nígbà tí olùtọ́jú tí wọ́n kọ́ ti bá iṣẹ́ míì lọ.

Kódà ká ní kò dí òtútù àyà kankan lọ́wọ́, ẹnu ni a fi ń jẹun, òun la fi ń rẹ́rìn-ín. Arúgbó tí eyín ń dùn kò ní jẹun, yóò rù, ara rẹ̀ ò sì ní lè bá àìsàn jà. Arúgbó tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, àwọn èèyàn á máa jìnnà sí i. Àwọn onímọ̀ ní Sendai, Japan, sì rí i ní 2004 pé lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n fi ń fọ ẹnu àwọn arúgbó lẹ́yìn oúnjẹ, ikọ́ wọn tètè ń jí sí ohun tó bá fẹ́ gba ọ̀nà òdì. Ó jọ pé bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń ta ẹnu jí, bẹ́ẹ̀ ló ń ta ọ̀fun jí.

Tí àgbà bá wà nílé yín

Ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú láéláé. Ṣùgbọ́n nílé wa lọ́hùn-ún, inú ilé làwọn àgbà wa ń gbó sí, ọmọ àti ọmọọmọ ló ń tọ́jú wọn. Òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. A ń wẹ̀ fún wọn, a ń fi ìpara pa wọ́n lára, a ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Ẹnu yẹn wá ńkọ́?

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe, tí ó ti fi pákò fọ ẹnu láti kékeré, lè má lágbára láti mú un mọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì lè gbé nǹkan, ẹ fi aṣọ we ìdí búrọ́ọ̀ṣì kó lè nípọn tó láti dì mú, kí ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ wá bá a parí rẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìhà tó rọ wò lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí òkèlè máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, kò sì ní mọ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yín wo inú ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: egbò, eyín tó ṣẹ́, funfun tó bo ahọ́n. Egbò tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí kò jinná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bí ẹ bá sì jẹ́ olùtọ́jú nílẹ̀ òkèèrè, tàbí tí ẹ ní èèyàn ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ẹ má bi wọ́n bóyá ìlànà wà. Ìwé lè wà lórí pẹpẹ kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ẹ dárúkọ arúgbó kan, kẹ́ ẹ wá béèrè pé: ta ló fọ ẹnu wọn lálẹ́ àná?